Iná Aláwọ̀ Aró Lókè Ibùsùn Ìkókó

Ọmọ náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan láyé nígbà tí ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú. Tí ìyá rẹ̀ bá gbé e sún mọ́ fèrèsé, àyà rẹ̀ náà a dà bí aṣọ funfun tó ti pẹ́ nínú àpótí.

Aránṣọ ni ìyá ọmọ, káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òórùn pákó sì máa ń tẹ̀lé ọkọ wọlé.

"Ibà pọ́njú ni," ni bàbá ọmọ wí. "Mo ti béèrè. Iná aláwọ̀ aró ni wọ́n máa ń tàn sí irú wọn lára ní ọsíbítù. Ṣé iná lásán ni yóò wá da ilé wa rú?"

Ó ra ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò ọjà àlòkù: ọ̀pá dígí gígùn tó mọ́ gaara, tí kò ní ẹfun nínú bíi ti iná inú ilé. Ó kàn án mọ́ òkè ibùsùn. Nígbà tí ó tàn án, yàrá náà dà bí ìsàlẹ̀ odò. Ògiri, aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ọwọ́ tiwọn gan-an, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ aró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ọmọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ wé ọmọ mọ́ àyà nítorí òtútù. Oorun tí kò rí sùn láti ìgbà ìkúnlẹ̀ gbé e lọ. Ó lá àlá pé òun ń léfòó lójú omi, ọmọ lórí àyà òun, àwọn ẹja ń kọjá lábẹ́ wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ rọra pa iná kí ó má bàa jí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ń ta ìyá ọmọ bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Ọrùn rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí oòrùn pa.

"Àìsùn ni," ni ọkọ wí. "Lónìí, a ó bọ́ aṣọ lára ọmọ kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án dáadáa."

Ó ti na ọwọ́ sí swíìṣì lára ògiri pálọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Oníná ni wọ́n ń pe obìnrin yìí nínú ẹbí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya àwòrán iná fún ilé-iṣẹ́ kan. Òun ló ń pinnu gáàsì tí yóò wà nínú dígí, kí iná lè mú àwọ̀ tí wọ́n ń fẹ́ jáde. Ó tún ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìtànṣán tí ojú kò lè rí.

Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó yọjú wo òkè ibùsùn. Kò jókòó.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án. Ẹ gbé ọmọ wá sí pálọ̀ ná."

"Ẹ̀gbọ́n, iná ọsíbítù ni."

"Bóyá ọsíbítù ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe iná ìkókó. Òun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn nígbà tí kò bá sí ẹ̀dá kankan nínú yàrá."

Ó mú ẹ̀rọ kan jáde nínú báàgì. Dígí kékeré ni, kò ju ìka ọmọdé lọ, wáyà méjì wà nínú rẹ̀ tí wọn kò kan ara wọn. Ó gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, kò dún. Ó gbé e sábẹ́ gílóòbù pálọ̀, kò dún. Ó wá gbé e sórí ibùsùn tó ti ṣófo, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ swíìṣì.

Ìró kan bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, ta, ta, ta, ó ń yára sí i títí ó fi dà bí òjò lórí páànù. Ìmọ́lẹ̀ aró yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn bí omi. Ó pa iná. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, bí olúkúlùkù ṣe ní ohùn tirẹ̀," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Mákúrì ló wà nínú èyí. Aró tí ẹ ń rí yẹn, díẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán rẹ̀, ojú kì í rí i, òun sì ni ẹ̀rọ mi ń gbọ́. Òun ló jó àbúrò mi lójú àti lọ́rùn. Awọ ìkókó kò lè gbà á."

Bàbá ọmọ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi ṣe ọmọ mi léṣe."

"Ìwòsàn lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga, tí èèyàn á gé, tí kò bá bára mu, á tún un gé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ̀rọ yín kò lè sọ bí ibà náà ṣe pọ̀ tó?" ni ìyá ọmọ béèrè, ó di ojú méjèèjì.

"Kò lè sọ ọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n."

Ní ọsíbítù, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó dára tí ẹ tètè wá," ni ó wí. "Tí ibà yìí bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè sọ ọmọ di adití."

Wọ́n fún ìyá ní oògùn ojú. Wọ́n fi aṣọ bo ojú ọmọ, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná. Aláwọ̀ aró ni iná yìí náà. Bàbá ọmọ fà sẹ́yìn, ó wo Oníná. Obìnrin náà gba àyè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Kò dún rárá. Èémí ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Kò pẹ́ tí ẹyinjú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun padà, wọ́n sì gbé e lọ sílé.

Ẹ̀yin òbí, tí ojú tàbí ara ìkókó yín bá ń pọ́n rúsúrúsú, ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi iná kankan wò ó nílé, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn àárọ̀. Ọ̀pá iná tí dígí rẹ̀ mọ́ gaara, tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má tàn án níbi tí èèyàn wà. Àwọ̀ iná lè jọra. Ohun tí iná ń ṣe lára kò jọra.