Ohun Tó Léfòó Nínú Ìda

Imú ọkùnrin náà ni Asimina kọ́kọ́ rí. Ó na imú ọ̀hún sórí àbẹ́là kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dijú, ó ń fa èéfín rẹ̀ símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tó ń tàn lórí adágún Kastoria gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bà lé e lórí.

Asimina rọra gbé apẹ̀rẹ̀ àbẹ́là tuntun tó gbé wá kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àdúrà la fi ń tan àbẹ́là níbí. Bí ebi bá ń pa yín, búrẹ́dì wà lọ́jà."

Ọkùnrin náà ta gìrì, etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oyin ni mo ń gbọ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn oyin náà, ó ń rùn bí àtùpà."

"Bàbá mi ló ṣe àbẹ́là yẹn."

"Háà! Mo ti wọ gàù."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Asimina, ó gbé e mì.

Stergios lorúkọ rẹ̀, tíṣà kẹ́mísírì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Fáda Lazaros, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó yẹ àbẹ́là wọn wò. Àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ti ń dúdú lára ògiri, àwọn kan sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Baba Zisis, bàbá Asimina, ń lú ìda oyin pọ̀ mọ́ ìda pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fà yọ lára epo rọ̀bì. Ìda oyin nìkan ni òfin sì gbà fún pẹpẹ. Bó bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ tí bàbá náà jogún yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí Àjíǹde tó dé, orúkọ rẹ̀ yóò sì di ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ bí wọ́n bá ń mu kọfí.

"Ẹ dán an wò," ni Asimina wí. "Ṣùgbọ́n ojú mi lẹ ó ti ṣe é."

Pọ́táàṣì líle tí ìdánwò náà ń fẹ́ kò tíì dé láti Tẹsalóníkà. Bó ṣe di pé Asimina ń lọ sí yàrá ìṣàyẹ̀wò lọ́sàn-án nìyẹn, tó ń lọ wò ó bóyá ó ti dé. Ó mọ̀ pé kò tíì dé. Ó ń lọ ṣáá ni.

"Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ní oríkèé tirẹ̀," ni Stergios ń ṣàlàyé. "Èèyàn ò lè fojú rí i, àmọ́ ó lè fọwọ́ bà á, bó bá mọ ohun tí yóò dà sí i."

Ó kán omi elésè àlùkò sínú òróró ólífì, ó mì ín. Àwọ̀ àlùkò náà pòórá. Ó bu sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó sínú wáìnì tó ti kan; ó hó yaya.

"Oríkèé ohun kíkan ló ń pariwo yẹn."

"Èmi ńkọ́? Kí lẹ ó dà sí mi lára?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ lè gbiná."

"Tíṣà onímú yìí!"

Asimina bẹ̀rẹ̀ sí gbé èso tí ìyá rẹ̀ fi ṣúgà sè wá fún un nínú àwo kékeré. Kò pẹ́ tí wọn ò fi bá ara wọn sọ "ẹ" mọ́.

Ọjọ́ tí pọ́táàṣì dé, àwọn méjèèjì ò lè jókòó.

"Ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá àgbà wa fi ń se ọṣẹ nìyí," ni Stergios wí. "Oríkèé ìda oyin là ń pè ní ẹ́sítà. Bí pọ́táàṣì bá bá a níbẹ̀, á gé e, ìda á di ọṣẹ, á sì yòrò. Ìda epo rọ̀bì kò ní oríkèé kankan. Kò síbi tí pọ́táàṣì máa ti gbá a mú. Ṣe ló máa léfòó."

Ó ha àbẹ́là Baba Zisis sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó da sípíríìtì àti pọ́táàṣì lé e, ó gbé e sínú omi gbígbóná. Orí wọn fẹ́ẹ́ kan ara wọn. Ìda yọ́, ó yòrò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun kan bíi ojú òróró dúró sókè, ó ń dán.

"Tún un ṣe," ni Asimina wí.

Ó tún un ṣe. Ó tún léfòó.

Asimina di apá aṣọ ọkùnrin náà mú. "Stergios mi, ọjọ́ Àìkú ni Fáda fẹ́ gbọ́ èsì. Bó o bá fẹ́ràn mi, o ò ní sọ fún un."

Stergios gbé ìgò náà sílẹ̀. "Bí mo bá purọ́ fún Fáda nítorí ìfẹ́, irọ́ wo ni mi ò ní lè pa fún ìwọ náà lọ́la?"

Asimina jáde láìdágbére.

Nígbà tó ròyìn èsì náà nílé, Baba Zisis fọwọ́ lé àwòrán Ìyá Olúwa, ó búra. "Èmi tí mo ń gbàdúrà kí n tó dáná sí ìda! Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi!"

Asimina kúnlẹ̀, ó sunkún níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bó ti ń gbàdúrà, ọkàn rẹ̀ kò yé wádìí. Bàbá rẹ̀ kì í purọ́. Stergios náà kì í purọ́. Kí ló wà nínú ìkòkò, nígbà náà?

Ó dìde, ó wọ ilé iṣẹ́. Ohun méjì ló ń wọ ìkòkò bàbá rẹ̀: ìda tí àwọn olóyin ń gbé wá láti orí òkè, àti kùkùté àbẹ́là tí Fáda ń kó bọ̀ láti inú àwo iyanrìn tí àwọn èèyàn ń gún àbẹ́là sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tún un yọ́, kí ohun tí a fi gbàdúrà má baà di pàǹtí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀. Ó da apẹ̀rẹ̀ kùkùté náà dé ilẹ̀. Láàárín àwọn pupa rúsúrúsú, àwọn kan funfun, wọ́n ń yọ̀, wọn kò sì ní òórùn oyin rárá.

Àwọn àlejò tó máa ń fi bọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìlú mìíràn! Wọ́n ti ra àbẹ́là tiwọn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó wá gbàdúrà.

Ó mú ìda olóyin, ó mú kùkùté funfun, ó sáré dé yàrá ìṣàyẹ̀wò. Ìda olóyin yòrò tán pátá. Kùkùté funfun kò yòrò rárá. Gbogbo rẹ̀ ló léfòó.

"Asimina!" Stergios gbá orí mú. "Ìwọ ló yẹ kó jẹ́ tíṣà!"

Àwọn méjèèjì gbé ìgò náà lọ bá Baba Zisis, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Fáda. Àlùfáà náà wo ìgò, ó wo apẹ̀rẹ̀.

"Olúwa, ṣàánú! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé e wá."

Baba Zisis kò rẹ́rìn-ín. Stergios ló tẹjú mọ́. "Asimina ti sọ ohun tó bẹ̀ ọ́ fún mi. Bó o bá ti purọ́ ni, ǹ bá ti fún ọ ní ọmọ mi láìjanpata. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò purọ́?"

"Yóò léfòó, Bàbá. Bó pẹ́ bó yá."

Bàbá náà dìde. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ju igi sí abẹ́ ìkòkò.

"Asimina, gbé ìda olóyin yẹn wá. Àbẹ́là ìgbéyàwó máa ń ga, ó sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn Àjíǹde, Fáda Lazaros fi adé ìgbéyàwó lé wọn lórí níwájú pẹpẹ kan náà, àbẹ́là gíga méjì sì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí orin parí, ìyàwó tuntun fẹ́ tirẹ̀ pa, ó dijú, ó na imú sórí èéfín rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Oyin," ni Asimina dáhùn. "Oyin nìkan."