Igo Tó Ní Orúkọ Méjì

Ẹ ti fura: tíṣà tó bá ń fi bírò pupa tún ayé ṣe, òun náà ni yóò ṣì í kọ. Ẹ ò jẹ̀bi.

Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe tiwa yìí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá kẹ́míkà, ó bá ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ níbi tó ti ń nu igo kan. Wọ́n fi tàdáwà dúdú kọ orúkọ kẹ́míkà inú rẹ̀ sí i lára: mẹ́tọ́sì-púrópéènì.

"Púrúǹtù wo ló kọ èyí?" Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo kíláàsì, ó fi bírò pupa rẹ̀ fagi lé e, ó sì kọ púrópọ́sì-mẹ́téènì sókè rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá méjì ni ọ́síjìn so pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kúrú ló ń ṣíwájú. Èyí tó gùn ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé."

"Àǹtí, igo ni kẹ́ ẹ máa nù."

Nígbà tó délé, ó ṣí ìwé. Ọmọbìnrin náà ló jàre. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé ó wá lọ tọrọ àforíjì? Rárá o! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé páálí igo, ó ń ra ọsàn bọ̀, títí ẹ̀rín fi di ìfẹ́.

"Adúmáradán mi, jẹ́ n wá rí Bàbá."

"Mo fẹ́ràn yín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ igo yẹn fún wọn. Bàbá mi kì í lé aláṣìṣe. Òpùrọ́ nìkan ni wọn kì í gbà sílé."

"Ìyẹn nìkan? Ó ti tán!" Lójú ẹsẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí bàbá ọmọbìnrin náà láti fi tọrọ ọmọ wọn.

Ní Sátidé, ó jókòó síwájú àwọn òbí ọmọbìnrin náà. Ìyá ń fojú wọn bàtà rẹ̀. Bàbá gbé igo náà kalẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú yàrá yẹn kí n tó fà á lé ọmọ mi lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ ti dúdú yìí. Ta ló kọ ti pupa, Tíṣà?"

Púrúǹtù! Àṣé bàbá yìí ló fi ọ̀rọ̀ náà bú. Ọmọbìnrin náà ń wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Tíṣà la ẹnu. Òtítọ́ dé eyín, ó padà sẹ́yìn.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, sà. Ọmọdé ò mọ nǹkan."

"Wọ́n kúkú mọ̀wé kọ," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó gbé ife omi tí àlejò ò tíì fẹnu kàn kúrò níwájú rẹ̀.

Lẹ́tà tí Tíṣà fi tọrọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igo. Bírò pupa ló fi kọ ọ́.