Òwú Orí Leokadia

Òwú kì í wọ́n nínú irun obìnrin tó kọ́ mi ní ọ̀nà ìlú Łódź, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ilé ìranwú ibẹ̀ ti kógbá sílé.

Natela lorúkọ mi. Láti orílẹ̀-èdè Jọ́jíà ni mo ti wá kàwé ní Łódź. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò mọ ẹnì kankan. Gbogbo ilé bíríkì pupa ló jọra lójú mi, mo sì ń rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin náà bá mi níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Òórùn epo ẹ̀rọ wà lára rẹ̀.

"Ọmọ àlejò, o tún ti ṣìnà nìyẹn," ó rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ la fi ń mọ ìlú wa, kì í ṣe ìwé. Máa bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń mú mi rìn. "Ibí la ti ń ra ẹja oníyọ̀," á wí, ṣọ́ọ̀bù fóònù ni mo sì ń rí. "Ariwo ẹ̀rọ inú ibí ló di wá létí," bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá. Ọ̀rọ̀ arúgbó ló ń sọ, àmọ́ kò ju ẹni ogójì ọdún lọ.

Igun kan wà tí kì í kọjá, níbi tí ọ̀nà ti wọ àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́. Á dúró níbẹ̀, á máa wo fèrèsé ilé kẹsàn-án títí omi á fi kún ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, mà."

"Ẹsẹ̀ mi kì í kọjá ibí." Lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ó di apá aṣọ mi mú. "Bá mi dé ibẹ̀. Sọ fún Zenia pé èmi Leokadia ní ṣé ó ṣì ń sunkún tí wọ́n bá ń di irun rẹ̀?"

Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Òun ni Zenia. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.

"Ta ló ní kó o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, obìnrin kan tí òwú wà lórí rẹ̀ ni. Ó wà ní igun ọ̀nà."

Ó tọ́ka sí àwòrán kan lára ògiri. Obìnrin tó ń mú mi rìn ni.

"Ìyá mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí òrùlé ilé ìhunṣọ wó lù wọ́n. Àwọn àgbà ò jẹ́ kí n fojú kan òkú wọn."

Bàtà inú ilé ni Zenia wọ̀ jáde lọ sí igun ọ̀nà, mo sì tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́nì kankan ní igun náà.

"Màmí," Zenia wí, "mo ti dàgbà jù yín lọ."

Nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ewú rẹ̀. Kì í ṣe yìnyín. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọdé tó fẹ́ kí wọ́n mú òun sọdá títì, mo sì rí i tí awọ ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ìka márùn-ún dì í mú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó wá ń fi ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ rìn lọ. Ọkọ̀ ojú irin kan gba àárín wa kọjá. Nígbà tó lọ tán, títì ṣófo.

Mo padà sí ilé kẹsàn-án. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Mo pa iná náà, mo jókòó dè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Títí dòní, àwọn ọlọ́pàá ò tíì rí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ilé Zenia ni mo ti pe ìyá mi ní Jọ́jíà.

"Natela? Ṣé ìwọ ni? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀, ọmọ mi?"

Mo ṣáà tẹ fóònù mọ́ etí, mò ń bẹ Ọlọ́run kí ìyá mi má dákẹ́.