Omi Tó Ń Sùn ní Òpin Páìpù

Nígbà tí aránbàtà kọ́kọ́ rí ayẹ̀míwò, ọmọge tó ń yẹ omi àdúgbò wò, ọmọge náà lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi ilé wọn, ó gbé ìgò tín-ín-rín kan sókè sí oòrùn, ó di ojú kan bí ẹni tó fẹ́ kì òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Kí ni omi wa ṣe?"

"Ẹ̀tù tí mo dà sí i yìí, ó yẹ kó jẹ́ kí omi pọ́n díẹ̀. Kò pọ́n. Kílórínì àti amóníà tí a pò pọ̀ láti fi pa kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú ọ̀nà. Ilé yín ló gbẹ̀yìn páìpù, ńṣe ni omi ń sùn síbí."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Aránbàtà ò sì lè gbé ojú yẹn kúrò lọ́kàn.

Ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di dìndìnrìn. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ tí ayẹ̀míwò bá ń bọ̀, ọkùnrin yìí á ti ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ láàárọ̀, títí omi tó ti sùn á fi ṣàn lọ tán. Omi á pọ́n, ọmọge á rẹ́rìn-ín.

"Bàtà tẹ́ ẹ rán fún mi yìí, ṣé ká wọ̀ ọ́ ni àbí ká wà á lọ sódò?"

"Ẹsẹ̀ yín ló tóbi, àǹtí. Ẹ má dá bàtà lẹ́bi."

Ìyá aránbàtà nìkan ni kò gba tiẹ̀. Kò fi àga lọ̀ ọ́ rí. "Ẹni tó ń wá àléébù sínú omi, tó bá wọlé wa tán, ta ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan, ayẹ̀míwò dé tayọ̀tayọ̀. "Omi yín ti dára! Ọ̀gá wa ní ká má wulẹ̀ fọ páìpù àdúgbò yín mọ́."

Bí aránbàtà bá dákẹ́, ẹ̀rín yìí á jẹ́ tirẹ̀, àwọn aládùúgbò á sì máa mu omi tí kòkòrò lè ti gbà.

"Mo tàn yín ni. Èmi ni mo máa ń da omi tó ti sùn nù kẹ́ ẹ tó dé. Mi ò fẹ́ kójú yín rẹ̀wẹ̀sì."

"Irọ́ lẹ wá ń jẹ́ kí n gbé fún ọ̀gá mi?" Ó kó ìgò rẹ̀, ó lọ. Nídìí iṣẹ́, aránbàtà ń ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ayẹ̀míwò sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì wá fọ páìpù. Nígbà tó yá, ayẹ̀míwò padà wá. Aránbàtà ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Omi pọ́n fúnra rẹ̀.

"Má tún omi ṣe dè mí mọ́ láé," ló wí. "Bó ṣe rí ni kó o jẹ́ kí n bá a."

"Èmi náà ńkọ́? Bí mo ṣe rí yìí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo máa ń bínú o."

"Mo ti rí i, olólùfẹ́ mi. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́."

Ó wo ìgò, ó wo ọkùnrin náà. "Mo gbà."

Ìyá, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé, jáde tòun ti àga lọ́wọ́.

"Jókòó, ìyàwó wa," ó ní. "Ìlóṣòó yẹn tó gẹ́ẹ́."