Bàtà Ìrìn Tí Ìyá Mi Bá Mi Wọ̀

"Dìde, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa," ni oníbàtà wí fún mi. "A kì í jókòó dán bàtà ìrìn wò."

Mo dìde. Bàtà dúdú olókùn wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, olókùn aláwọ̀ eérú wà ní òsì, oríṣi méjì mìíràn sì tún wà nílẹ̀ níwájú mi. Ìyá mi ní kí n mú èyí tó tóbi díẹ̀, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lè ráyè. Ọ̀rẹ́ mi tó bá wa wá, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Oge, ní èyí tó bá fún mọ́ ẹsẹ̀ ló máa ń dára lójú. Oníbàtà ní kò tiẹ̀ yẹ ká wá láàárọ̀, pé ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, ni à ń ra bàtà ìrìn. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ òótọ́ létí mi. Orí mi dàrú.

Ilé ìwé wa fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ sí Yúróòpù. Ìlú ńlá mẹ́ta ni a ó lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi máa rìn wo gbogbo ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Èmi tí ìyá mi ń pín lẹ́tà kiri àdúgbò, mo wà lára àwọn mẹ́fà náà! Ilé ìwé ló máa ra bàtà fún wa, ṣùgbọ́n olùkọ́ jọ́gíráfì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé tó fún wa pé kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ bàtà náà rìn lójoojúmọ́, kó lè mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ìrìn. Ẹni tí kò bá lè rìn ín dópin, ẹlòmíràn ló máa gba ààyè rẹ̀. Ó tún fún wa ní ìwé pélébé tí a ó máa kọ ìrìn wa sí, tí òbí yóò sì máa buwọ́ lù.

Èyí tó ní àwọ̀ eérú ni mo mú nígbẹ̀yìn. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ó ti rẹ̀ mí ni.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha mí ní gìgísẹ̀. Oge àti àwọn ọmọ kíláàsì wa jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n ń wo fíìmù lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́pàá, ta lẹ wá mú?" ni Oge wí. Ó fà mí jókòó. "Ṣé ojoojúmọ́ lo fẹ́ máa rìn kiri báyìí? Ṣebí ìyá ẹ máa ń rìn látàárọ̀ dalẹ́? Ẹsẹ̀ yín ò dọ́gba ni? Gbé e fún wọn, kí wọ́n bá ẹ wọ̀ ọ́ kó lè rọ̀."

Ṣé irọ́ ló pa? Ẹsẹ̀ èmi àti ìyá mi dọ́gba géérégé. Bàtà tí ìyá mi fi ń ṣiṣẹ́ sì ti lu nísàlẹ̀, páálí ló tẹ́ sínú rẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò mọ̀ bóyá àánú ìyá mi ló ń ṣe mí ni àbí ọ̀lẹ ló ń gbé mi gẹṣin. Nígbà tó di alẹ́, mo gbé bàtà náà fún un.

"Ṣé mi ò ní bà á jẹ́ báyìí?"

"Rárá, Màmá. Ẹ máa bá mi wọ̀ ọ́ kó lè rọ̀ ni."

Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Áà! Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn ẹlòmíràn?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, màá bi í pé, "Màmá, ibo lẹ rìn dé lónìí?" Yóò ka òpópónà sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ rẹ̀, èmi yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé bí ìrìn tèmi. Ó rò pé mo ń rìn nínú bàtà àtijọ́ mi lẹ́yìn ilé ìwé. Kì í kà á kó tó buwọ́ lù ú. "Bí o bá ti kọ ọ́, ó ti tó," ni yóò wí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bàtà ló rìn, èmi ni mo sì ni bàtà, irọ́ wá dà níbẹ̀? Síbẹ̀, mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ti mú bírò.

Ọjọ́ ìdánwò pé, mo gba bàtà mi lọ́wọ́ Màmá. Láti ilé ìwé, a ó kọjá afárá, a ó gun òkè, a ó sì padà. Bàtà náà ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, mo sì ń yan fanda níwájú gbogbo wọn. Kí a tó dé afárá ni mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ sápá òsì. Mo so okùn rẹ̀ le, ó burú sí i. Mo tú u, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yé mi. Bàtà tó bá mi mu ní ṣọ́ọ̀bù, tó tún ti rọ̀, báwo ló ṣe wá di ọ̀tá mi? Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Wọn ò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ máa ń sọ ọmọdé di atiro. Ní ìsàlẹ̀ òkè, mo jókòó sílẹ̀. Gìgísẹ̀ mi méjèèjì ti bó.

Olùkọ́ wa ṣí ìwé pélébé mi wò. "Ìwọ lo rìn jù nínú gbogbo wọn," ni obìnrin náà wí. "Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Àbí bàtà yìí ló ní àbùkù ni?"

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ bàtà ló ní àbùkù, wọ́n á fún mi ní òmíràn, màá sì tún ìdánwò ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí.

Ó di ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Bàbá náà yí bàtà sódì, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ní kí n rìn lọ rìn bọ̀ láìwọ bàtà. Ó mi orí.

"Mà, bàtà yìí ò ní àbùkù kankan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ti òsì ti ń jẹ lápá òde, ti ọ̀tún ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo sí èjìká òsì lójoojúmọ́ ló wọ èyí, inú bàtà sì ti mọ ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Kì í ṣe ọmọ yìí."

Ojú olùkọ́ wa le. "Ṣé àlòkù lẹ wá tà fún ilé ìwé wa ni?"

"Èmi? Àlòkù?" Bàbá náà gbé bàtà kalẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta bàtà, mà, ẹnikẹ́ni ò pè mí lólè rí."

Èmi ò gbọ́ ìyókù mọ́. Àpò lẹ́tà ìyá mi ni mò ń rò. Èjìká òsì ló máa ń gbé e kọ́. Àní nígbà tó bá ń fọ abọ́, èjìká náà máa ń rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, mi ò rí i rí, àfi ìgbà tí oníbàtà kà á lójú bàtà fún mi. Ojú tì mí, àánú ìyá mi sì ṣe mí débi tí omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ má bá wọn wí, mà," ni mo wí. "Màmá mi ló wọ̀ ọ́. Mi ò rin ìrìn kankan. Irọ́ ni mo kọ."

Olùkọ́ wa kọ́kọ́ bẹ oníbàtà, ó ní kó má bínú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "O ò rìn, o kọ pé o rìn. O tún fẹ́ kí aláìṣẹ̀ gba ẹ̀bi ẹ. Ẹlòmíràn ló máa lọ."

"Bàtà yìí ńkọ́?" ni oníbàtà béèrè.

"Kí ọmọ yìí gbé e fún ẹni tó wọ̀ ọ́ rìn."

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ìbínú ni mò ń retí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èmi ni mo ba bàtà ọmọ mi jẹ́," ló ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gìgísẹ̀ tó bó lọ.

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Mo parọ́ fún ẹ̀yin náà. Orúkọ yín ló wà lábẹ́ gbogbo irọ́ yẹn."

"Èmi náà ò kà á," ló wí. Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ bàálù, mo bá ìyá mi lọ pín lẹ́tà. Èmi ni mo gbé àpò. Ká tó dé òpópónà kẹta, èjìká mi ti ń ta mí, bàtà àtijọ́ mi sì ti ń gbóná. Ìyá mi ń rìn lọ níwájú mi nínú bàtà aláwọ̀ eérú, kò tiro, kò dúró sinmi. Mo ń wò ó, mi ò mọ̀ bóyá Yúróòpù ni mò ń sunkún lé lórí ni àbí òun.

"Ó wúwo, àbí?" ló béèrè.

"Ó wúwo, Màmá."

"Gbé e wá."

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e."

Títí di òní, ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò tíì yé mi nípa ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n èyí yé mi: ènìyàn lè bá ẹni gbé ẹrù, kò sí ẹni tó lè bá ẹni rin ìrìn tó yẹ kí ẹsẹ̀ ẹni fi kọ́gbọ́n. Ilé ìwé ti ní ìrìn àjò mìíràn yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.