Ẹsẹ̀ Ògiri Ìyá Àgbà

"Kámárádì Àsíátù, ilé yín ló kàn tí a ó ti jọ kàwé ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ o," ni Jeanne wí, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ ń kàwé pọ̀ ti ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Adja-Ouèrè. "Ṣé ògiri tiyín kì í tọ̀ sára bíi ti ilé Títílayọ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Títílayọ̀ tó ń wolẹ̀. Àsíátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ògiri tiwọn gan-an ló burú jù.

Ilé alámọ̀ ni, lórí ilẹ̀ dúdú tí í mu omi tí kì í fẹ́ẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà Bíntù, ìyá tó bí bàbá Àsíátù, ti wọlé ọkọ ló ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ògiri yàrá rẹ̀, ìrun dé ìrun. Ilẹ̀ mu omi náà yó, ògiri sì ń fà á sókè. Ẹsẹ̀ ògiri rọ̀ bí ẹ̀kọ, ikọ́ sì ń yọ ìyá lẹ́nu nínú yàrá tó ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀.

Tìjání, bàbá Àsíátù, ha amọ̀ tó ti jẹrà kúrò, ó gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn ògiri kí omi lè rí ọ̀nà lọ, ó sì gbé ibi àlùwàlá lọ sídìí ọsàn.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi kọjá," ló wí fún Àsíátù. "Bó bá gbẹ tán, a ó fi amọ̀ pupa rẹ́ ẹ, èyí tí a fi omi èèpo èso igi irú pò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó wá lọ sí oko rẹ̀ ní Tatonnonkon láti kórè àgbàdo.

Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ṣẹ́ kù nílé nínú èyí tí wọ́n fi mọ etí kànga. Láyé Ìjọba Revolusíọ̀n, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kàwé nìkan. Wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń mọ ògiri kíláàsì. Nítorí náà, Àsíátù mọ sìmẹ́ǹtì pò. Ibi tí kò yẹ kí a lò ó sí ni kò mọ̀. Kí Ọjọ́rú tó pé, ó pò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹ́ ògiri Ìyá Àgbà.

"Ṣé bàbá rẹ ló ní kí o ṣe é?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n ti parí ẹ̀ kí àwọn tó dé."

Irọ́ náà yọ̀ jáde wẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà sì súre fún un, àdúrà tó yẹ kó gún un lára.

Ní Ọjọ́rú, Jeanne yin ilé náà. Nígbà tí Tìjání dé, ó tẹjú mọ́ ògiri títí.

"Ta ló ní kí o rẹ́ ẹ?"

"Ìyá Àgbà ni, Bàbá."

Tìjání mi orí, ó gbé ẹrù àgbàdo rẹ̀ wọlé. Kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ìyá náà kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ wò. Abẹ́ ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ara wọn ni irọ́ Àsíátù sá pamọ́ sí. Bí ògiri sì ti dà bí èyí tó gbẹ, Ìyá Àgbà, tí orúnkún ń dùn ún láti rìn dé ìdí ọsàn, dá àlùwàlá rẹ̀ padà síbẹ̀.

Òjò dé. Omi tí kò rí ojú ògiri gbà jáde mọ́ ń gun ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì lọ sókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí Ìyá Àgbà wà níta, sìmẹ́ǹtì bó, ó sì ya ògiri lulẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ní kó rẹ́ ẹ?" ni Tìjání wí jẹ́jẹ́.

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo rán an!"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Àsíátù. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo, tòun ti ọ̀rọ̀ Jeanne.

"Ojú Jeanne lo wò," ni Ìyá Àgbà wí, "o ò wo ikọ́ mi."

Wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ikpinlè. Àsíátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha gbogbo sìmẹ́ǹtì kúrò. Wọ́n tún ògiri mọ, wọ́n fi í sílẹ̀ láìrẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi lọ, ẹni tó bá fẹ́ kó wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, tí Àsíátù sì bá bàbá rẹ̀ lọ mú Ìyá Àgbà wálé.

"Ó ti gbẹ, Ìyá Àgbà," ló wí.

Ìyá Àgbà yíjú sí Tìjání.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ó dun Àsíátù wọ egungun. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ti tó ògiri láti gbẹ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí Ìyá Àgbà tó tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá bo àléébù mọ́lẹ̀ nítorí ojú ayé kò wò ó sàn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni àléébù náà yóò wó lù.