Ọmọ Ayò Etí Odò

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n sin Láńrewájú ni àga rẹ̀ kọ́kọ́ rin. Ọyẹ́ ti dé, ó ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn, eruku sì bo gbogbo fèrèsé wa ní àdúgbò Mgbuoba. Síbẹ̀, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, mo rí i pé tìmùtìmù àga tó máa ń jókòó lé ní fàráńdà ti rin gbindin, omi sì ń kán lábẹ́ rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo fi àkísà nù ún. Omi náà tutù ju omi inú àmù lọ, ó ń rùn bí ewé tó ti jẹrà sínú odò. Mo mọ òórùn náà. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko ìyá àgbà mi nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀, ó sì ti tó ọdún méjìlá tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Ọkọ mi, Adégbóyèga, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wa dé Port Harcourt. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Méjì kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, Moríyọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Nígbà tó wọ yunifásítì, mi ò jẹ́ kó gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ilé ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìyá rẹ̀ so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ewúrẹ́. Mo gbọ́. Wọn ò tíì sin ọmọ rí.

Ní ọdún 1991, agùnbánirọ̀ méjì tí Moríyọ̀ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa. Èkíní ni Káyọ̀, ẹlẹ́nu dídùn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Èkejì ni Láńrewájú, ọmọ Òṣogbo, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Isiokpo. Gbogbo Sátidé ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá jẹun ilé lọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń pè mí ní Mọ́mì. Èmi ni mo ń bá a fọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, torí omi ibi tó ń gbé máa ń sọ aṣọ di pupa.

Òun ló gbé eré náà wá. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ńlá kan ló ya òkè, odò àti ojú ọ̀nà sí, gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ṣàlàyé ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi ọdún mẹ́rìndínlógún jà. Àwọn mẹ́rin ló ń ta á: òun, Káyọ̀, Moríyọ̀, àti Boma, ọmọbìnrin onílé wa, ará Kalabari. Olúkúlùkù ní ibùdó tirẹ̀ àti ogún ọmọ ayò tó dúró fún ọmọ ogun. Dáìsì lúdò ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Wọn kì í parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n á fi aṣọ bo kàlẹ́ńdà náà lórí tábìlì di Sátidé mìíràn.

Òfin méjì ni Láńrewájú fún wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi báírò kọ orúkọ sára ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ogun kan bá sì kú, ẹni tó gbé e síbi tó kú sí gbọ́dọ̀ dìde dúró níwájú gbogbo wọn, kó sọ bó ṣe lọ àti ohun tó rí kẹ́yìn. Ó ní bàbá àgbà òun ló sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà ogun náà nìyẹn. Ìròyìn náà gbọ́dọ̀ dé etí ìyá ẹni tó kú. Bí wọn ò bá tíì sọ ọ́, olóògbé kò ní kúrò níbi tó ṣubú sí.

Inú mi dùn nígbà náà. Ọmọ tó ń ṣeré ní fàráńdà ìyá rẹ̀, níbo ni ewu fẹ́ gbà wọlé bá a? Láti ilé ìdáná ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Káyọ̀ á ní kí ni ọmọ etídò mọ̀ nípa ogun orí òkè, kí Boma lọ fi àwọ̀n pa ẹja. Boma á ní, "Ngbati people, na only mouth una get. I don chase your Balogun reach bush." Láńrewájú á máa rẹ́rìn-ín, á máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ìròyìn Boma ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ọmọ ogun rẹ̀ kan kú létí odò, ó sì dìde láti sọ ọ́. Ó ní òkúta kan wà láàárín odò náà tó dà bí ẹ̀yìn ìjàpá, ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ ti dán lára rẹ̀, igi kan tó ṣubú sì dábùú omi lókè. Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Òkúta inú odò ẹ̀yìn oko ìyá àgbà mi ni. Mo bi í léèrè ẹni tó sọ fún un. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mummy, nobody tell me," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. "I dey there. The water cold."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti dín kù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa bi ara wọn ní ohun tí kálukú rí. Káyọ̀ ní òun ń gbọ́ ìbọn nínú oorun òun. Moríyọ̀ ní èéfín wà nínú irun òun, òótọ́ sì ni, mo gbóòórùn rẹ̀ nígbà tí mo ń bá a di irun. Síbẹ̀, wọn ò lè fi í sílẹ̀. Wọ́n dà bí ẹni tó ń fi ahọ́n tọ́ eyín tó ń ro ó.

Nígbà tó yá, orúkọ tí wọ́n ń fẹnu dá tán. Káyọ̀ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Nọ́fíù, agùnbánirọ̀ tó wà ní Alesa, sára ọmọ ayò kan. Ọmọ ogun náà ṣubú. Káyọ̀ dìde, ó ní ìbọn bà á nítan òsì, ó dojú kọ sánmà, ajá kan sì ń lá a lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè a gbọ́ pé Nọ́fíù já bọ́ lórí ọ̀kadà, itan òsì rẹ̀ ṣẹ́. Káyọ̀ lọ wò ó. Nígbà tó dé, kò bá wa ṣàwàdà mọ́. Ó ní Nọ́fíù sọ pé kí àwọn èèyàn tó wá gbé òun, ajá kan ń lá òun lọ́wọ́.

Ọjọ́ náà ni mo ká aṣọ kúrò lórí kàlẹ́ńdà, tí mo ka orúkọ ara àwọn ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan. Káyọ̀ àti Láńrewájú ti kọ orúkọ ara wọn náà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọmọ mi. Moríyọ̀, lẹ́tà wínníwínní, létí odò, ọmọ ogun Káyọ̀ sì yí i ká. Mo pè é, mo bi í ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò lè fi ọmọ ẹlòmíràn síbẹ̀," ó ní. "Ni mo bá fi ara mi síbẹ̀."

Mo ní kí wọ́n jó kàlẹ́ńdà náà níná. Láńrewájú, tó dé lọ́jọ́ kejì torí mo ránṣẹ́ pè é, ní iná ń jó ìlú ni, kì í parí ogun. Mo ní bí mo bá yọ ọmọ ayò náà kúrò ńkọ́. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, ó jọ pé òun náà kì í sùn.

"Mọ́mì, bí ẹ bá yọ ọ́, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀," ó ní. "Ibẹ̀ kì í ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Bóyá dáìsì á ṣojú rere sí i."

Bóyá. Mo ti gbọ́ bóyá lẹ́nu dókítà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, nígbà tí Moríyọ̀ wà ní ilé ìwé, mo ṣí aṣọ náà. Mo mú ọmọ mi kúrò létí odò, mo dá a padà sí ibùdó rẹ̀. Mo na ọwọ́ sáàárín àwọn ọmọ ayò yòókù, ọwọ́ mi bọ́ sí ọ̀kan, mo gbé e síbẹ̀. Mo bo aṣọ. Mo lọ gé ẹ̀fọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Láńrewájú ló ṣí i. Ó tẹ̀ ba, ó wo etí odò náà, ó sì pẹ́ kó tó nàró. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi tí mo gbé fún wọn. Káyọ̀ béèrè ẹni tó gbé orúkọ Láńrewájú síbẹ̀, ohùn rẹ̀ le. Láńrewájú gbójú sókè, ó wò mí, kò wo ẹlòmíràn.

"Èmi ni," ó ní.

Wọ́n ju dáìsì. Ọmọ ayò náà ṣubú. Láńrewájú dìde láti sọ ìròyìn rẹ̀ bí òfin ṣe wí. "Omi yẹn tutù," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́." Ó jókòó, ó jẹun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń dúpẹ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Isiokpo.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i nínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tó ń gbé. Ó dojú bolẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Omi náà kò dé orúnkún.

Ìyá rẹ̀ wá láti Òṣogbo. Ó ti gbọ́ orúkọ mi nínú lẹ́tà ọmọ rẹ̀, ilé mi ló kọ́kọ́ béèrè. Ó kúnlẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ́jọ́ orí, ó ní mo ṣeun tí mo bá òun tọ́jú ọmọ òun nílẹ̀ àjèjì. Ó mú ẹ̀wù funfun kan tó bá nínú ẹrù Láńrewájú jáde, èyí tí mo fọ̀ kẹ́yìn, ó ní òun mọ̀ pé ọwọ́ ìyá ló fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bó ṣe lọ."

Mo ní mi ò mọ̀.

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀ ni àga náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Aago mẹ́rin lù, sìmẹ́ńtì ibi tó ti máa ń wà rin. Adégbóyèga ní òrùlé ló ń jò. Mo ní kó béèrè fún tiransifá, ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé torí omi ni a ó fi sá kúrò ní Port Harcourt.

Sátidé karùn-ún, Moríyọ̀ ti fàráńdà wọlé wá. Etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń kán omi dé kókósẹ̀. Kò jọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

"Mọ́mì," ó ní, "Bọ̀dá Láńre ní kí n bi yín bóyá ẹ ti múra tán. Ó ní ara òun ti tutù jù. Ó ní bí ẹ ò bá fẹ́ sọ ọ́, kí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá gba ipò òun."

Mo ránṣẹ́ pe Káyọ̀ àti Boma. Mo ní kí wọ́n jókòó sí àyè wọn, kí Moríyọ̀ náà jókòó. Èmi dìde dúró, mo sì sọ bí Láńrewájú ṣe lọ.

Mo ti kọ ọ́ síhìn-ín pé ọwọ́ mi bọ́ sí ọ̀kan. Irọ́ ni. Níwájú wọn, irọ́ náà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Ọmọ ayò tó ní orúkọ àfẹnudá pọ̀ lórí kàlẹ́ńdà yẹn. Mo mú ọ̀kan, mo dá a padà, torí mo rò pé odò náà kò ní gba ẹni tí kò ní ẹ̀mí, pé á padà wá gba tèmi. Mo mú Káyọ̀, mo dá a padà, torí mi ò mọ irú ìyá tó ní. Mo mú Láńrewájú. Mo ka orúkọ rẹ̀ dáadáa ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Òun ni mo mú torí ó fẹ́ràn mi. Mo rò pé kò ní bínú.

Kò sì bínú. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, mo rí i tí omi orí àga náà ń gbẹ, láti etí wọ àárín, títí tó fi ku ibi tí ọwọ́ èèyàn lè bò, ìyẹn náà sì gbẹ.

Káyọ̀ àti Boma lọ láìkí mi. Moríyọ̀ jókòó pẹ́. Ìbéèrè kan péré ló bi mí.

"Mọ́mì, ó pè yín ní Mọ́mì. Ṣé ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹ gbé e síbẹ̀?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ń bẹ láàyè, ara rẹ̀ le, mo máa ń rí i lókèèrè bí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wọn. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ìyá Láńrewájú. Oṣù méjì rè é, èsì kò tíì dé.

Àga náà kò rin mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá jí láàárọ̀, sílípáàsì mi tí mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn máa ń rin. Mo lọ ṣí aṣọ orí kàlẹ́ńdà lánàá. Ọmọ ayò kan wà létí odò. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣófo. Mi ò sì mọ ẹni tó máa dìde sọ ìròyìn tèmi.